Mo Bá Mólúè Bàbá Mi Pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ènìyàn bá ti ìlú òyìnbó dé, ohun tí ará ilé máa ń retí kí ó ròyìn ni ààfin ọba, afárá ńlá, àti òtútù tí ń gé ni létí. Mo rí gbogbo wọn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí kò ju ohun tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ gbé lọ. Mọ́tò ìṣeré ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi í rẹ́rìn-ín rí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, mo sì ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mọ́tò alágolo mélòó ni n kò tíì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo sì jù sí ààtàn! Àwọn ọmọ a gé agolo mílíìkì, wọn a fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a so okùn mọ́ ọn nímú, wọn a máa fà á kiri. Èmi a ní wọ́n ń fi àkókò ìwé ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe là.

NÍ HACKNEY

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń gbé ní Hackney, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ òun. Ẹni tí kò bá mọ Hackney lè rò pé òun kò ní í gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni Ẹ̀gbọ́n mú mi lọ sí ọjà Ridley Road ní Dalston. Iṣu ń bẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ń bẹ, ẹja gbígbẹ ń bẹ, ata rodo sì pọ́n bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Obìnrin tí a ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá òjò ti dá nílé.

Ó di ọjọ́ kẹrin, Ẹ̀gbọ́n mú mi na ẹsẹ̀ lọ sí etí odò Lea. Ní òdìkejì odò ni pápá Hackney Marshes wà, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ rẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí àwọn ilé gíga kan lẹ́bàá omi, ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ṣe Matchbox tẹ́lẹ̀.” Mo rántí Matchbox. Ọmọ olówó kan ní àdúgbò wa ní ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìtàn ilé iṣẹ́ náà dùn. Ní ọdún 1947, àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Leslie Smith àti Rodney Smith, tí wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, dá a sílẹ̀. Wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀kan àti ìparí orúkọ èkejì, wọ́n pè é ní Lesney. Jack Odell, tí ó mọ iṣẹ́ irin dídà, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọbìnrin Odell ń lọ sí ilé ìwé kan tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ọmọ mú ohun ìṣeré wá, àfi èyí tí ó bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Bàbá rẹ̀ bá ṣe kátapílà ìtẹ̀nà kékeré kan fún un, ó sì wọ páálí náà wẹ́kú. Láti ibẹ̀ ni Matchbox ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Ní ọdún yẹn kan náà tí Ọbabìnrin Elizabeth dé adé, wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba ní kékeré, wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ní 1982 gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn, wọ́n tà á fún àwọn ará Hong Kong. Lónìí, Mattel ti Amẹ́ríkà ni ó ni orúkọ Matchbox. Wọ́n wó ilé náà ní 2010, ilé gbígbé ni ó wà níbẹ̀ báyìí.

LÁDÍPÒ INÚ AGOLO BÍSÍKÍÌTÌ

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní bàbá òyìnbó kan wà ní òpópónà àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Òun àti bàbá náà ti mọwọ́ ara wọn. Òun a máa gbé mọ́ín-mọ́ín fún un lọ́jọ́ Àìkú. Bí a ṣe yà síbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé. Agolo bísíkíìtì ni mo rí, ó tó ogójì, tí ó kó sórí pẹpẹ. Ó ṣí ọ̀kan: kìkì ẹsẹ̀ mọ́tò. Ó ṣí òmíràn: kìkì ilẹ̀kùn. Òmíràn: iná, bọ́ńpà, ìjókòó, sítíárìn. Ẹnu yà mí, mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé, “Ọjà Ládípò rè é!” Nígbà tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá pé ọjà tí a ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù ní Mushin ni, inú rẹ̀ dùn dé eyín.

Mọ́tò ìṣeré tí ó ti bàjẹ́ ni bàbá ń rà. Ọmọ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ, ìyá ọmọ ti kó o síta. Bàbá a rà á ní pọ́ọ́kú. Kì í kàn án tún un ṣe bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. A mú orí ti ibí, a mú ìdí ti ọ̀hún, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tí kò bá rí, títí yóò fi di mọ́tò tí ilé iṣẹ́ kankan kò ṣe rí.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ìṣó tí wọ́n lù pẹrẹsẹ ni ó so ara mọ́tò mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá a fi òòlu kékeré lu orí ìṣó náà jáde, mọ́tò a sì tú sí méjì. A ri ara rẹ̀ sínú oògùn tí ń bó ọ̀dà, a fọ̀ ọ́. Ibi tí ó bá dáranjẹ̀, a fi pọ́tì dí i. Bí pọ́tì bá gbẹ, a fi sáńpépà ha á títí ìka kò fi ní í mọ ojú rẹ̀ mọ́. Ike funfun pẹlẹbẹ ni ó fi ń ṣe ohun tí kò sí nínú agolo. A fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i lára, a ṣẹ́ ẹ, a fi gọ́ọ̀mù olómi tí ń yọ́ ike pọ̀ lẹ̀ ẹ́. Ike tí a fi ń di bísíkíìtì, èyí tí a ń rí òdìkejì rẹ̀, ni ó fi ń ṣe gíláàsì. Ọ̀dà a sì jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí bí ó bá ki, yóò bo gbogbo ìlà ara mọ́tò.

Ó fi ọ̀kan hàn mí tí ó ti sán wẹ́wẹ́ bí àkàrà gbígbẹ. Ó ní ó ti wà kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Síǹkì ni wọ́n fi ń da irú wọn. Bí òjé díẹ̀ bá bọ́ sí i, irin náà a máa ti inú jẹ ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí jù, èmi tíṣà, ni ìṣirò rẹ̀. Bàbá ní lórí tábìlì òun, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mìlímítà 7. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ìṣeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀. Ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 kò ní í ju mìlímítà 40 lọ. Ohun gbogbo lára mọ́tò ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin kan yìí. Bí ẹyọ kan bá rú u, ojú yóò mọ̀ pé irọ́ ni, bí ẹnu kò tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀.

“BÁWO NI Ó ṢE GÙN TÓ?”

Mo bèèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ó ní mólúè. Ó ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé mọ́tò akẹ́rù 911 tí a ń kó ti Jámánì wọlé ni. Imú àti ṣáàsì rẹ̀ ni ó ti òkè òkun wá, àwọn wẹ́dà àti àwọn tí ń lu páànù ní Èkó ni wọ́n kan ara rẹ̀ tí ó kù, wọ́n to ìjókòó sí i, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà òféèfèé bí ẹyin adìyẹ, wọ́n sì fa ìlà dúdú sí i. Mo ní bàbá mi wa ọ̀kan, láti Agége sí Oṣòdì, fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Bàbá ní, “Ohun tí mo ń ṣe ní kékeré ni ẹ̀yin ti ṣe ní ńlá. Ó dára, a ó ṣe é. Báwo ni ó ṣe gùn tó?”

Ojú tì mí, n kò mọ̀ ọ́n. Inú mọ́tò yẹn ni mo ti sùn, ti jẹun, ti ka ìwé, síbẹ̀ n kò mọ gígùn rẹ̀. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan nílé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro láti gbé dé iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ayé sì ń le fún àwọn ògbólógbòó mọ́tò. Ní 2009 ni ìwé ìgbàwọlé mi sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Bàámi ta mólúè fún àwọn oníṣòwò irin àlòkù, wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹní wọn irinkírin. Ó fi bébà dì owó náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, “Owó ilé ìwé nìyí.” Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ mólúè mọ́ nínú ilé wa. Èmi náà kò bèèrè.

Mo tẹ̀ wọ́n láago. “Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mólúè yín ṣe gùn tó?”

Kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé fóònù ti já.

“Ẹsẹ̀ bàtà 28,” ni wọ́n wí. “Ìbú rẹ̀ jẹ́ 8. Ta ni ń bèèrè?”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Sọ fún òyìnbó náà pé iná ọ̀tún kò bá ti òsì mu. Ti òsì ni ó bá mọ́tò wá. Ti ọ̀tún, Ládípò ni mo ti rà á, ó kéré díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, Bàámi ni ń tẹ̀ wá láago. Fèrèsé méje ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ti tẹ̀ nítorí àwọn èrò tí ń rọ̀ mọ́ ọn. “SÙÚRÙ LÉRÈ” ni a kọ síwájú rẹ̀, ọ̀dà pupa, kì í ṣe dúdú.

A fi ìrọ̀lẹ́ méjìlá ṣe é. A rí imú roboto kan lára mọ́tò akẹ́rù tí ó ti fọ́. Kò jọ ti 911 dáadáa, a fi pọ́tì mọ ọ́n. Ṣáàsì rẹ̀ kúrú, a fi irin bàbà mú un gùn. Iná méjì, inú agolo méjì ni a ti yọ wọ́n. Èmi ni mo gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 196, mo gé e sí 186. Ara mi bù máṣọ. Bàbá kò bá mi wí. Ó gé ike tí mo bàjẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó fi ṣe ìjókòó èrò.

NÍ AGÉGE

Ọjọ́ tí mo dé ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e lé Bàámi lọ́wọ́. Kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ó yí i dojú dé, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ná, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀. Ó yí i padà, ó fi ìka ra “SÙÚRÙ LÉRÈ”. Ó wá ní, “Tíṣà, gálọ́ọ̀nù omi mi dà? Láìsí i, ọkọ̀ yìí kò ní í dé Ìkẹjà.” Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, ojoojúmọ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ń hó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gé ìdérí bírò aláwọ̀ búlúù, mo fi ṣe gálọ́ọ̀nù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ibẹ̀ ni Bàámi ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ mólúè lọ, òun fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e dé ìkóríta, ẹsẹ̀ òun kò sì gbà kí òun kọjá ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún owó ilé ìwé. Ọpẹ́ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ohun ìṣeré àwọn ọmọ yín bá bàjẹ́, ẹ má ṣe yára jù ú nù. Ẹ wá agolo kan fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá gbé mọ́tò alágolo wọ kíláàsì, ẹ fún un ní rúlà. Bí ó bá lè wọn mọ́tò ọ̀gá ilé ìwé, kí ó sì sọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan di sẹ̀ǹtímítà kan, ìṣirò tí a ti ń fi ẹgba kọ́ ọ yóò yé e láìsí ẹgba.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá ńkọ́?” N kò rí èsì fún un. Mo fún un ní agolo mílíìkì méjì àti ẹ̀mú tí bàbá òyìnbó fi ta mí lọ́rẹ, mo sì jókòó tì í títí ó fi ṣe òmíràn.