Kí Ilé Dúró Ṣánṣán Nínú Fọ́tò

Ilé gíga kì í ṣe é yà láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kí ẹ dúró nísàlẹ̀ Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, kí ẹ wá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí orí ilé lè wọ inú fọ́tò. Ògiri ọ̀tún àti tòsì á máa sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sókè, gbogbo ilé náà á sì fẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Lẹ́ńsì kò jẹ̀bi. Ojú kámẹ́rà tí a gbé sókè ló fà á.

Ohun tí ìrìn kọ́ mi ni pé kí n jìnnà, kí n mú kámẹ́rà dọ́gba, kí n sì wá ibi gíga dúró sí. Àjà kẹta ilé tó kọjú sí èyí tí mo fẹ́ yà sàn ju ojú títì lọ. Mo máa ń kí mẹ́gáàdì dáadáa kí n tó mẹ́nu ba fọ́tò: “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá, ẹ kú oòrùn.” Ẹni tí a kí bẹ́ẹ̀ kì í sábà lé ni. Fóònù lè tún ògiri tó wọ́ ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n á gé etí fọ́tò, nítorí náà mo máa ń fi àyè sílẹ̀ yí ilé ká.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló wá le jù, Yunifásítì Ifẹ̀ sì ni mo ti gbọ́ ọ yé. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya àwòrán ilé Humanities níbẹ̀. Òkè ilé náà fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta borí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí oòrùn àti òjò má baà dààmú àwọn tó wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti lé oòrùn ọ̀sán. Ẹni tó bá yà á ní agogo méjìlá, òkè á funfun bálabàla, ìsàlẹ̀ á dúdú kirikiri. Àfi kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ti wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ àjà, òjìji á fi bí àjà kọ̀ọ̀kan ṣe yọ tó hàn, àbàwọ́n òjò lára kọnkéré á sì hàn. Mo máa ń dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọjá kí n tó tẹ kámẹ́rà, torí ara èèyàn la fi ń mọ bí ilé ti tóbi tó. Nígbà ọyẹ́, mi ò kì í ya ilé láti òkèèrè. Eruku á ti gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ kí ilé dúró ṣánṣán nínú fọ́tò ká mi lára nítorí Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà tẹ́lẹ̀ ní Tinúbú, l'Ékòó. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Fọ́tò ló kù. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n yà láti iwájú gan-an, tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, ni kọ́lékọ́lé lè fi mọ bí fèrèsé ti ga sí ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n gbójú sókè yà, bó ti wù kó rẹwà tó, kò ṣe é wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ ya iwájú ilé lọ́gbọọgba, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, ọnà orí fèrèsé, kí n tó wá ẹwà kiri.