Ibi Tí A Pàtẹ Sí Lọ́jọ́ Ọ̀ṣun

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo máa ń bọ́ sí. Lọ́dún kan, èmi àti àǹtí mi kó àdìrẹ 22 lọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ni a pàtẹ sí. Èrò wa ni pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni owó wà.

Àṣìṣe gbáà ni. Nígbà tí Arugbá gbé igbá dé láti ààfin Àtáọ́jà, kò sí ẹni tó bojú wo àdìrẹ. Èrò ń tì wá, ẹsẹ̀ wọn ń ta ẹrẹ̀ sí aṣọ lára. Méjì péré ni a tà, bẹ́ẹ̀ gbèsè aró àti tẹ́rù wà lọ́rùn àǹtí mi.

Ìyá onílẹ̀kẹ̀ kan ló là wá lójú: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó ń lọ sódò, àdúrà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ni kí ẹ dúró dè."

A kó ẹrù wa lọ sábẹ́ igi kan lójú ọ̀nà ìgboro, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí ènìyàn sì lè dúró láìdí ẹlòmíràn lọ́nà. A fi okùn ta aṣọ sókè kí wọ́n lè rí i lókèèrè. Àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi Ọ̀ṣun bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́rin ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pàtẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ rin ọ̀nà náà lálọ lábọ̀ kí ẹ tó pa àtíbàbà.