Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Lé Máígàdì Fóònù Yín Lọ

 Ẹ̀yin ará wa ní Kano àti gbogbo òkè ọya tẹ́ ẹ ń gba owó ọjà lórí fóònù gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta fóònù ní Farm Centre. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbé fóònù wá pé kí n bá àwọn fi kún ohùn ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí Fújì dún bíi ti òde àríyá. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà bá mi rúùtù ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ SELinux di permissive, á dún bí àrá." Mi ò kì í ṣe é. Àwọn mìíràn á bínú lọ sí ìsọ̀ kejì. Ìdí ẹ̀ rèé.

Nínú Android, iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ audioserver. Òun ló ń gba ohùn wa láti ẹnu máìkì, òun náà ló ń gbé orin jáde. Ẹni tó bá mú un ti mú etí àti ẹnu fóònù nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi máígàdì tì í, SELinux lorúkọ ẹ̀. Ní Android 4.3, ọdún 2013, ńṣe ló kàn ń wò. Nígbà tó fi máa di Android 5.0 ní 2014, ó ti ń dínà pátápátá.

Ẹ fi ọjà wa wò ó. Tí mo bá fún ọmọ iṣẹ́ mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ mi nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá tì lálẹ́, máígàdì ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò ní wọlé, ì báà jẹ́ èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù. Ìwé yẹn gba audioserver láyè kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ohùn, ṣùgbọ́n kò gbà á láyè kó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí olè bá tiẹ̀ ráyè wọ inú ẹ̀, yàrá tó há ló máa bá ara ẹ̀.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo, mediaserver, ló ń ṣe ohùn, fídíò àti kámẹ́rà. Ní 2015, wọ́n rí ihò kan tí wọ́n pè ní Stagefright: fídíò burúkú tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún olè. Torí ẹ̀ ni Android 7.0 ní 2016 fi pín iṣẹ́ náà sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí wá ni permissive? Máígàdì ò sùn o. Ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń kọjá sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Sabon Gari, ọmọ wọn lọ ṣe irú ẹ̀ fún wọn níbòmíràn. Kí wọ́n tó lè rúùtù ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló kọ́kọ́ parẹ́, títí kan ohùn Bàbá tó ti dolóògbé, èyí tí wọ́n máa ń gbọ́ lálaalẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù dé láti Ṣakí, áàpù báńkì kọ̀, kò ṣí, torí ọ̀pọ̀ báńkì kì í gba fóònù tí wọ́n bá ti rúùtù. Dẹ́rẹ́bà dúró, ẹrù dúró, owó wà ní báńkì, kò sí bí wọ́n ṣe lè san án. Wọ́n rí fóònù tún ṣe. Ohùn Bàbá ò padà mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ariwo, kó ra sípíkà Bluetooth. Kẹ́ ẹ sì wọ Settings, ẹ wá Permission manager, ẹ tẹ Microphone, kẹ́ ẹ wo àwọn áàpù tó ń gbọ́ yín. Áàpù owó yíyá ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Láti Android 12, tẹ́ ẹ bá rí àmì aláwọ̀ ewé lókè fóònù, máìkì tàbí kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àwa tá à ń gbé ìlú onílùú, orí fóònù là ń sọ ọjọ́ tá a máa rìnrìn-àjò àti iye owó tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká dá máígàdì sí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o.