Ọwọ́ Àgbà àti Akèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń ṣàlàyé òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo máa ń pẹ́ lórí ọwọ́ ọmọdé. Bí mo bá dé orí ọwọ́ àgbà, n ó sáré kọjá. N kò sì fura sí ara mi títí di ọdún 2019, nígbà tí fáànù híítà ọkọ̀ mi kú ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọdún kan ni mo lọ fi kọ́ni ní èdè Yorùbá níbẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù kan ni mo rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kó kúrò ní ìlú. Ní ìparí oṣù Ṣẹẹrẹ, òtútù kan dé tí àwọn ọmọ ìlú náà pàápàá bẹ̀rù rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 25 lọ lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Adágún omi Mendota dì gbagidi, àwọn ènìyàn sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí pápá. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo yí bọ́tìnnì híítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí n kò gbọ́ ìró kankan.

Ẹni tí kò gbé ilẹ̀ òtútù rí lè rò pé ìgbádùn lásán ni híítà. Ojú awakọ̀ ni. Èémí èmi àti ìyàwó mi ń di omi lára gíláàsì iwájú, omi náà sì ń di yìnyín níbi tí ó wà. Mo ń fi èékánná ha á bí mo ti ń wakọ̀ lọ. Ojú ihò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo ń gbà wo ọ̀nà nígbà tí ìyàwó mi fi igbe ta: ìyá arúgbó kan ti wà láàárín títì. Ọkọ̀ yọ̀ díẹ̀ kí ó tó dúró. Ìyá náà kò mọ̀ pé n kò rí òun. Ó juwọ́ sí wa, ó ń dúpẹ́ pé a dúró de òun.

Owó tí wọ́n pè fún mi níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe lé ní ìdá mẹ́rin iye tí mo fi ra ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ò ṣe pe àbúrò yín?" Mo dákẹ́.

Ríwáyà ni àbúrò mi ní Ìbàdàn. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1987 ni ó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta ilé-ìwé girama, tí ó lọ kọ́ṣẹ́. Inú bí bàbá wa púpọ̀. Èmi tí mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà kọ lẹ́tà sí i pé ó ti kó ìtìjú bá ìdílé wa. Ojú ewé méjì ni lẹ́tà náà, Yorùbá inú rẹ̀ sì dán. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí òtútù ti dẹwọ́ díẹ̀, mo pè é láti inú gáréèjì onílé wa. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ní Ìbàdàn. Mo ní abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́ ooru wọ inú ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bùlówà ni ẹ ń wí?"

Àbúrò mi kò rí yìnyín rí àfi ti inú fíríìjì, kò sì lo híítà ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún mi pé fáànù kan náà tí ń fẹ́ atẹ́gùn éésì sí wa lára ní Ìbàdàn ni ó ń fẹ́ ooru sí wọn lára ní Amẹ́ríkà. Omi tí ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù a máa gbé ooru lọ́wọ́. A máa gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí fáànù bá ti fẹ́ atẹ́gùn gba ara rédíétọ̀ yìí, ooru tí ọkọ̀ ì bá dà nù a wọlé tọ̀ wá.

Ó ní kí n yọ físù wò, bóyá okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já. Kò já. Ó bi mí bóyá nọ́ńbà tí ó ga jù nìkan ni ó ń dáhùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, résísítọ̀ ni à bá máa wá. Mo ní kò dáhùn rárá. "Ó dáa. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná tàn, ṣùgbọ́n ẹ má sítáàtì ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì o. Ẹ wá fi ìdí síkúrúdíráfà gbá abẹ́ píjìnhóòlù. Ẹ rọra." Mo gbá a. Fáànù náà húkọ́, ó yí díẹ̀, ó tún dákẹ́. "Kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ ti jẹ tán," ni ó wí. "Ẹ lọ ra òmíràn." Èmi tí mo ń kọ́ni ní èdè-ìperí kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ohun tí ó kú nínú ọkọ̀ mi, àbúrò mi ní orúkọ fún gbogbo rẹ̀.

Mo rà á dé, mo tú orí bátìrì, mo sì dùbúlẹ̀ gbalaja, orí mi wà níbi tí ẹsẹ̀ èrò ń wà. Síkúrù mẹ́ta ni ó di fáànù náà mú. Mo tú méjì. Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni mo ti rántí akèrègbè. Mo pe àbúrò mi padà, mo ní ọwọ́ mi kò wọ ibẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi náà kì í wọ̀ ọ́. Ẹ má wò ó mọ́. Ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka kan wá a."

Mo di ojú. Bóyá nítorí pé mo di ojú ni mo fi lè sọ ọ́. Mo ní, "Lẹ́tà tí mo kọ sí ọ nígbà yẹn lọ́hùn-ún, n kò ṣe dáadáa sí ọ."

Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé fóònù ti já. "Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi di òní," ni ó wí níkẹyìn. "Ẹ so wáyà yẹn pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró bùlówà."

Mo so ó, ó dún. A jọ ń gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, a kò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ́ni ní òwe yẹn, n kì í sáré kọjá lórí ọwọ́ àgbà mọ́.