Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá

Kò sí ohun ìtìjú nínú kí ọmọ ogún ọdún gbé àpò ìwé kọ́ èjìká kí ó forí lé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìgbà rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí i lọ́nà yóò ṣàdúrà fún un, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó láya nílé, tó bí ọmọ mẹ́ta, tí àwọn tó kọ́ ní a-b-d ti ń kọ́lé tí wọ́n sì ti ń gbéyàwó, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, tó tún gbé e kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìwé nìkan. Olùkọ́ kan láti Kétu ṣe irú èyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àbújá ló wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé, kí ló sọ ọmọ Kétu di àjèjì ní Nàìjíríà? Ìbéèrè náà tọ́. Kétu ń bẹ lára àwọn ìlú àgbà tí ìtàn Yorùbá kò lè ṣe kó má dárúkọ, oyè Alákétu sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé bá ara wọn ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló la àárín ilé kọjá. Ààlà tí wọ́n fà fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ìlú abẹ́ Alákétu, sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu fúnra rẹ̀ ti tú nígbà náà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ọ ní 1886; kò sí ọba lórí ìtẹ́ tí wọn ìbá bi léèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ ẹni tí ìbá béèrè. Láti ìgbà náà ni ọmọ Kétu ti ń fi èdè Faransé kàwé tí ọmọ Ìmẹ̀kọ sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kà á, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń pàdé níbi òkú bàbá kan náà.

Olùkọ́ tí à ń sọ yìí ti lo ogún ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ìwé-ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kí ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó lọ sí Ìbàdàn, kò sì jìnnà. Ó ní rárá. Bí òun bá dé Ìbàdàn, Yorùbá ni alágbàfọ̀ yóò bá òun sọ, Yorùbá ni ọlọ́kọ̀ yóò fi bú òun, Yorùbá tí òun gbé lọ náà ni òun yóò sì gbé padà. Àbúrò rẹ̀ kan, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, wà ní Kubwa lẹ́yìn Àbújá, níbi tó ti ń lẹ táìsì sí ilé onílé, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò ń ṣe ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ àbúrò yìí ló pinnu láti dé sí.

Nígbà tí ọkọ̀ gba Ìmẹ̀kọ kọjá, kò tí ì mọ̀ pé òun kúrò nílé. Ní Abẹ́òkúta, ó ra ẹ̀kọ, ó sì ná an bí onílé. Ní Lokoja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ni àwọn ọlọ́jà yí ojú fèrèsé ọkọ̀ ká tí wọ́n ń fi Háúsá àti oríṣi èdè mìíràn polówó ẹja. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì pa ẹnu mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ Utako, nítòsí òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni Awólọ́wọ̀ nígbà tó lọ sí London ní 1944 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó ti di bàbá ọmọ. Ó ti ṣòwò, òwò sì ti dà á. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídẹ́olú, ló dúró ti àwọn ọmọ, tó ń fi òwò bọ́ wọn títí tí ọkọ rẹ̀ fi gba ìwé-ẹ̀rí agbẹjọ́rò ní 1946. Ní ọdún 1946 kan náà ni Ládòkè Akíntọ́lá, tí òpópónà ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Garki, kọjá sí London. Òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, ọdún 1950 ló sì tó di agbẹjọ́rò. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn méjèèjì. Pátákó ojú ọ̀nà kò sọ ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án nígbà òtútù, kò sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Utako, kí a má parọ́, Awólọ́wọ̀ kọ́ ló wà lọ́kàn ọkùnrin Kétu yìí. Ibi tí yóò ti tọ̀ ló ń wá.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló dìde kí i. Wọ́n rò pé olùkọ́ ni. Nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá tó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀rín sọ láàárín wọn. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ó dun ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní “Daddy”. Ní Kétu, bí ó bá wọ kíláàsì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní gírámà jẹ́ ọmọ Èkìtì, ó sì kéré sí i ní bí ọdún mẹ́wàá. Ní ẹnu ọ̀nà, àkẹ́kọ̀ọ́ ń tẹrí ba fún olùkọ́, olùkọ́ ń tẹrí ba fún àgbà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó rí ojútùú sí i: nínú kíláàsì, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni olùkọ́ fi ń pè é bí ó ti ń pe àwọn yòókù; bí wọ́n bá jáde tán, “Ẹ̀gbọ́n” ló kù.

Ti èdè ló le jù. Gẹ̀ẹ́sì tó kà nínú ìwé fún ogún ọdún kò jọ èyí tí ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Àbújá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí i ní “How far?”, ó sì rọra ṣàlàyé fún un bí Kubwa ti jìnnà tó sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, ìdajì gbólóhùn ló ń bá. Kí ó tó tú ìdajì náà sí Faransé, kí ó tún tú u sí Yorùbá, olùkọ́ ti pa pátákó rẹ́. Àwọn ọmọ tó yí i ká ń kọ àkọsílẹ̀ wọn wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀. Ohun tó rọrùn jù lọ ni kí ó ní, “Ọmọ mi, yá mi ní ìwé rẹ.” Kò lè sọ ọ́.

Ìdí tí kò fi lè sọ ọ́ ni pé kì í jẹ gbèsè. Bàbá rẹ̀ kò jẹ ẹ́. Òun náà ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń wá yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, owó ni o, ìwé ni o, ìmọ̀ràn ni o. Kí àgbà wá máa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ jẹ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Nínú ìdánwò ráńpẹ́ àkọ́kọ́, ó gba 11 nínú 30. Ó ká ìwé ìdánwò náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì kì í bọ abẹ́ àpótí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè láti Kétu, ó ní ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa. Ní òru ọjọ́ náà, ó di ẹrù rẹ̀ tán kí ó tó sùn. Ní òwúrọ̀, ó tú u, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ń wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọ̀wọ́n owó oṣù kejì ọdún 2023 bá gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá wà nílùú nígbà náà kò ní gbàgbé. Ìjọba ti gbé owó tuntun ti ₦200, ₦500 àti ₦1,000 jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì ti fi ọjọ́ 10 oṣù Kejì lé e pé owó àtijọ́ yóò kú. Owó àtijọ́ ti ń kú, owó tuntun kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní àpò owó ní báńkì ń fi fóònù sanwó nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́. Ọkùnrin Kétu yìí kò ní. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní ọjọ́ 90 láìsí físà, ìwé ìgbélùú tó ń ṣe kò tí ì jáde, kò sì sí àpò owó ní báńkì láìsí ìwé. Gbogbo sẹ́fà tó mú wá ló ti ṣẹ́ sí náírà ní ẹnubodè, owó àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, inú àpòòwé ló sì wà. Owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ebi sì ń pa á. Àbúrò rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Lafia, ó ṣòro fún un láti padà nítorí kò rí owó ọkọ̀.

Gàrí ló mu fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́ kọjá kíákíá, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìyá olóúnjẹ ibẹ̀ má baà rí i. Ará Kàbbà ni ìyá náà, nínú àwọn Okun tí èdè wọn bá tiwa tan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà láti oṣù kejìlá.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni obìnrin náà wí, “ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ ti ń gba ẹ̀yìn mi kọjá láti ìjẹta.”

Ó ní kò ṣẹ òun. Ó ní owó òun kò ṣe é ná ni.

“Èmi kò béèrè owó. Oúnjẹ ni mo ń tà, ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Bí ó ti ń jẹun, obìnrin náà fa ìwé pélébé kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó sì kọ nǹkan sí i. Ọkùnrin náà nà ọrùn díẹ̀, nítorí pé olùkọ́ kì í rí ẹni tó ń kọ̀wé kí ó má wo ọwọ́ rẹ̀. “Baba Ketu” ni obìnrin náà kọ, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, ó sì fi ₦600 sí iwájú rẹ̀. Orí orúkọ mìíràn bíi mẹ́wàá ló wà: Malam onírẹ́díò, Iya Blessing, ọlọ́kadà pupa. Kò sí ibi tí a ti í ta àwìn fún ẹni tí a kò mọ̀. Ó tún orúkọ náà kà, ó sì fi omi sin ìrẹsì rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló jẹun lórí ojú ìwé yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tọ ọmọbìnrin Ọ̀fà kan tó máa ń jókòó níwájú lọ, ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, yá mi ní àkọsílẹ̀ rẹ.” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Láìpẹ́, ọmọ náà wá yá ìwé tirẹ̀, ó sì rí ohun tí kò lè kà. Àwọn ɔ àti ɛ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú kp àti sh. Ó bi í bóyá èdè Ewé ni. Yorùbá ni. Ní 1974 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ìhín. Ní 1975 ni ìjọba ọ̀hún gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ wọn. Ọdún kan ló wà láàárín méjèèjì, ara ilé kan kò sì bi ara ilé kejì. Èyí tí àwa ń kọ ní “ọpẹ́”, “ɔkpɛ́” ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Kétu. Ọkùnrin náà ka ojú ewé kan sókè fún un. Ọmọ náà patẹ́wọ́: “Bàbá, Yorùbá náà mà ni!” Àwọn mìíràn sún mọ́ wọn.

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ìdí tí ọ̀rọ̀-ìṣe fi yí padà. Olùkọ́ Kétu mọ gbogbo ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n ń tún ahọ́n rẹ̀ ṣe, òun ń tún gírámà wọn ṣe. Wọ́n ṣì ń fi “How far” ṣe é ní yẹ̀yẹ́, kò sì tí ì jọ ọ́ lójú.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tún pè, ó sọ òtítọ́ ìdánwò náà fún un, ó sì sọ pé òun jẹ gbèsè oúnjẹ.

“Ẹ jẹ gbèsè? Ẹ̀yin?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí owó àtijọ́ máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Ó tún tó ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọlọ́jà tó gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá olóúnjẹ gbà á, ọkùnrin náà tú àpòòwé rẹ̀, ó ka gbogbo gbèsè náà lé e lọ́wọ́, obìnrin náà sì fa ìlà gbọọrọ sórí “Baba Ketu”. Owó ṣì kù nínú àpòòwé. Ó jókòó, ó béèrè ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó sì ní kí obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.