Orúkọ Baba Tó Sùn sí Manchester



Kí olórìṣà tó bẹ òrìṣà ní ohunkóhun, àwọn tó bí i ló kọ́kọ́ ń kí. Á da omi tútù sílẹ̀, á máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: baba, baba baba, ìyá, ìyá ìyá. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn àwọn ọmọ Manchester kan ti ń há. Wọ́n mọ ojú baba wọn nínú fọ́tò, wọ́n rántí ẹ̀rín rẹ̀ àti ọbẹ̀ tó máa ń sè lọ́jọ́ Sunday. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Omi ló gbé àwọn baba náà wá. Ní 1894 ni wọ́n ṣí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ wọ Manchester, tó gùn tó máìlì 36, tí ọkọ̀ òkun ńlá fi ń gúnlẹ̀ sí Salford. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó ń kó èédú síná nísàlẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, owó wọn kò sì tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí akọ̀wé ọkọ̀ kò bá lè pe orúkọ ẹnì kan, á kọ Tom tàbí Jim sínú ìwé, ó parí. Ní 1919, àwọn òyìnbó kọlu àwọn adúláwọ̀ ní Liverpool, Cardiff àti Salford. Ní 1925, òfin tuntun fipá mú àwọn adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ láti lọ forúkọ sílẹ̀ bí àjèjì, bí wọn kò bá ti ní ìwé tó fi hàn pé abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí wọn sí.

Síbẹ̀ wọ́n dúró, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Títí di 1968, kò sí òfin tó ní kí onílé má sọ fún adúláwọ̀ pé kò sí yàrá fún irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí yàrá gbà ní Moss Side tàbí Hulme kì í dá sùn níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á bá a sùn lórí ilẹ̀, wọ́n á jọ pín ìkòkò ọbẹ̀ kan. Nínú owó kékeré yẹn náà ni ti ìyá tó wà nílé ti ń jáde. Ìyàwó tí ó jẹ́ òyìnbó, àwọn ará ilé rẹ̀ lè ti kọ̀ ọ́ nítorí ọkọ tó fẹ́. Ọkọ yẹn ló wá di ẹbí fún un, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ sì di àna. Ìwà ọ̀làwọ́ tí kò ní agbada, tí kò ní ìlù, nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wọkọ̀, wọn kò padà wá mọ́. Ẹni tó bá ń pe baba rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Kí ó pè é bó ṣe jẹ́.

SuAndi, akéwì tí wọ́n bí ní Manchester, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, kó ìtàn irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ sínú ìwé tó pè ní Afro Solo UK. Ìtàn ìgbésí ayé 39 ló wà nínú rẹ̀, láti 1920 sí 1960. Lẹ́yìn náà ó tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde fún àwọn obìnrin òyìnbó tó fẹ́ wọn, Strength of Our Mothers. Lójú olórìṣà, iṣẹ́ yìí sún mọ́ ohun tí ọ̀jẹ̀ ń ṣe nígbà tí eégún bá jáde: ẹni tí wọ́n rò pé ó ti lọ, ó padà wá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ pàápàá kò rọrùn láti rí. Láti 1960 lọ, ìjọba ìlú wó ọ̀pọ̀ òpópónà ní Hulme àti Moss Side, tó fi jẹ́ pé ilé tí baba gbé kò sí mọ́ tí ọmọ yóò da omi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lójú Princess Road, Phil Magbotiwan, ọmọ Nàìjíríà, ní ilé ijó kan nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Reno. Àwọn ọmọ tí baba wọn dúdú tí ìyá wọn funfun sọ ọ́ di ilé, nítorí ibòmíràn kì í fẹ́ gbà wọ́n. Wọ́n tì í ní 1986, wọ́n sì wó o. Ní 2017, Linda Brogan, òǹkọ̀wé eré, kó àwọn tó ti jó níbẹ̀ rí jọ pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn, wọ́n wa ilẹ̀ náà títí wọ́n fi tún rí ibi tí wọ́n ti jó. Ẹni tó bá wá ilẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ á dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan gbogbo ilé òrìṣà lókè òkun. Ẹlòmíràn ti lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò tíì dé Southern Cemetery lójú ọ̀nà Barlow Moor lẹ́ẹ̀kan, níbi tí baba tó bí i sùn sí. Ó ti ra aṣọ eégún, kò tíì béèrè eégún ta ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí ọmọ wò kí ó tó pe baba.

Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ní England máa ń ní àyè fún orúkọ baba ọkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ìwé kan lè mú ìran méjì wálé. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ṣì ní ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn káàdì kan wà láti 1918 sí 1921 tó ní fọ́tò wọn lára. Kí ó tó di ti ìwé, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè. Ẹ béèrè ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ baba máa ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè wọn.

Bí orúkọ kò bá jáde lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ọmọ pe baba ní ohun tó ń pè é nígbà èwe rẹ̀. Dádì náà orúkọ ni, bí ẹni tó ń pè é bá mọ ẹni tí òun ń pè. Kí ó sì pe ìyá òyìnbó mọ́ ọn, nítorí obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ jẹ ìyà kò ní di àjèjì ní ojúbọ ọmọ rẹ̀.

Òkú ọlọ́mọ kì í sùn. Kí ilẹ̀ Manchester má gbé orúkọ wọn mì. Àṣẹ.