Yàrà Ìlú Bìní Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, tí ó sì ní kí á máa rìn lórí rẹ̀, kí á fi ojú inú wo àwọn tí ó ti kọjá lọ. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ rìn lónìí ní ìlú Bìní, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Bí ẹ bá dé oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Ring Road, ẹ dúró díẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú yìí, wọ́n kó iṣẹ́ ọnà ààfin lọ, iná sì jó ààfin àti ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1914. Ọdún náà ni ọmọ rẹ̀, Ọba Eweka Kejì, gorí ìtẹ́, tí ó sì tún ààfin kọ́. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ilé tí kò jó ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ wò.

Ilé Olóyè Ogiamien ni, ní òpópó Sokponba. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀. Ilà gbọọrọ gbọọrọ tí ó wà lára ògiri náà jẹ́ àmì ọlá. Àárín àgbàlá rẹ̀ kò ní òrùlé: òjò ń rọ̀ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, omi a sì gba ojú ọ̀nà rẹ̀ jáde. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1959. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ilé amọ̀ mọ̀ pé iná nìkan kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò tí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe, ògiri a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú dé ibi odi àti yàrà ìlú, èyí tí àwọn ará Bìní ń pè ní Iya. Ìtàn ẹnu sọ pé Ọba Oguola àti Ọba Ewuare wà lára àwọn tí ó wa á. Graham Connah, tí ó ṣe ìwádìí níbẹ̀ láàrin 1961 sí 1964, wọn àyíká odi inú, ó ju kìlómítà 11 lọ. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi ju mítà 17 lọ. Ọkọ́ àti agbọ̀n lásán ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Lónìí, àwọn kan ń wa erùpẹ̀ odi náà lọ mọlé, àwọn mìíràn ń da ilẹ̀ sínú yàrà.

Ní bèbè yàrà yìí ni ẹnì kan ti fi ilẹ̀ lọ̀ mí rí. Owó rẹ̀ kò ju agbára olùkọ́ lọ. Ó ní, “Ààfáà, ilẹ̀ òfìfo ni. Ẹ ó kàn da yẹ̀pẹ̀ dí i ni.” Èmi tí mo ń san owó ilé lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí ipa àgbàrá. Yàrà tí wọ́n wa nítorí ogun ti di ọ̀nà omi fún ìlú. Bí mo bá dí i, ilé aládùúgbò mi ni omi náà yóò yà sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo sì bá tèmi lọ. Ànábì wa Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ onílẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú ńkọ́?

Ẹ lè sọ pé òfin yóò dáàbò bò ó. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú, ní Èkó, di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956; síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ẹ wá wo mọ́sálásí Ṣítà-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ó ṣì wà ní ìdúró, nítorí pé àwọn èèyàn ń kírun nínú rẹ̀. Bí òrùlé rẹ̀ bá jò, orí olùkírun ni omi yóò kán sí. Ohun tí a ń lò ni a ń tún ṣe. Ohun tí a bá ti pè ní òfìfo, a ti fi lé apanirun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwa Yorùbá sílẹ̀. Eredo Sungbo wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn kan gbà pé Bilikisu Sungbo ni ayaba tí Al-Kùránì sọ ìtàn rẹ̀ nínú Súúrátù Náḿlì. Ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí kò gbà, àwọn méjèèjì ni yàrà náà jẹ́ ogún fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá fi ilẹ̀ pọ́ọ́kú lọ̀ yín, ẹ bèèrè ohun tí ó ń ṣe kí ẹ tó pè é ní òfìfo. Bí ẹbí bá fẹ́ wó ilé bàbá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá páànù tuntun àti ayálégbé kan kò lè gbà á là. Ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ wo odi ìlú yín nígbà tí ó ṣì wà. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ rere lórí àmánà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.